Ìpè Kan ní Ojúlé Kejì

…àbí ojú mi ló ń tàn mí? Ojú máa ń tan èèyàn. Ojú tó ti ń wo kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí kò ṣẹ́jú, ó lè rí ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n mo rí i. Ìpè kan. Ẹyọ kan péré láàárín ọ̀pọ̀ ìpè tó ń ṣàn kọjá. Gbogbo àwọn yòókù wọlé, wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n jáde. Òun dúró. Mo dìde lórí àga, mo lọ bu omi ní ìdí fèrèsé, mo mu ún, mo padà wá jókòó, ó ṣì dúró síbẹ̀. Ojúlé kejì ni. Tó bá wá jẹ́ pé… rárá. Jẹ́ kí n tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má baà máa dẹ́rù ba ara mi lásán.

Ìpè àtọwọ́dá ni. Kò sẹ́ni tó ń kú nídìí rẹ̀. Àwa fúnra wa la ṣe é láti fi dán ẹ̀rọ tuntun wò. Kò sí ìyá tó gbé ọmọ lọ́wọ́ tó ń ké, kò sí ilé tó ń jó, kò sí… kò tíì sí. Ó di ọ̀sán. Tó bá di ọ̀sán, Ọ̀gá á kó gbogbo ìpè pàjáwìrì ìlú yìí kúrò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n á kó o sórí èyí. Ẹni tó bá tẹ fóònù pé kí áńbúláǹsì wá gbé òun, ẹ̀rọ yìí ni yóò wá ọkọ̀ fún un.

Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ẹ̀rọ náà. Èmi ni mo kọ apá tó ń pín ọkọ̀. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ojúlé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ojúlé kìíní ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, ojúlé kejì ní tirẹ̀. Kì í ṣe èèyàn o, òṣìṣẹ́ inú ẹ̀rọ ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè wọ́n láàárín ara wa. Ìpè tó bá ti àárín ìlú wá, ojúlé kìíní ló ń lọ. Ìpè tó bá ti apá òkè wá, ojúlé kejì. Pátákó kan ṣoṣo la kọ àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ sí, inú yàrá kan ni pátákó náà wà, yàrá yẹn ní ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn yẹn ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ gbà ló ń wọlé, á mú ọkọ̀ kan, á jáde, á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kó má baà di pé òṣìṣẹ́ méjì rán ọkọ̀ kan náà sí ibi méjì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Àwọn tí kò tíì rí kọ́kọ́rọ́ gbà, wọn kì í jókòó, wọn kì í sùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pòòyì: ṣé ó ti ṣí? Ṣé ó ti ṣí? Ṣé ó ti ṣí? Ìdí tí a fi ń pè é ní àgádágodo apòòyì nìyẹn. Ẹni tó ń pòòyì kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí o bá wò ó lójú kọ̀ǹpútà, o ó rí i tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú. Ara rẹ̀ á gbóná. Kò ní jọ pé ebi kọ́kọ́rọ́ ń pa á. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an, mi ò lè fi ojú lásán mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń dúró.

Kọ́kọ́rọ́ náà kò sì ní ilé tirẹ̀… ohun tí mo ń sá fún láti rò nìyẹn. Ojúlé ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló ń sùn sí. Tí ẹni ojúlé kìíní bá fi í sílẹ̀, ọwọ́ ará ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bà á. Kí ẹni ojúlé kejì tó gba ọ̀nà gbọọrọ tó wà láàárín ojúlé méjèèjì dé ibẹ̀, wọ́n ti tún gbé e. Á tún padà sẹ́nu pípòòyì. Wọ́n á tún fi sílẹ̀, wọ́n á tún gbé e. Kò sí ẹni tó fi ìkà ṣe é. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níta. Ojú ní í rójú ṣàánú, wọn ò sì rí ojú rẹ̀.

Àbí ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni mo ń rò tó báyìí? Ẹ̀ẹ̀kan. Mo sọ fún Àròpín, mo ní mo rí ìpè kan tó dúró. Àròpín, ọ̀rẹ́ mi tó ń dán iṣẹ́ wò, èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun tí kì í rò pọ̀ kó sì pín in dọ́gba, títí kan ìyà tí ìyàwó rẹ̀ fi ń jẹ ẹ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀kan lo rí i? Ẹ̀rọ náà máa ń húkọ́ o, bí èèyàn." Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí mo rẹ́rìn-ín?

Òun ló fi àgádágodo méjèèjì tí mo ṣe wéra. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, nọ́ńbà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń gbà, bíi ti báǹkì: tí nọ́ńbà tìẹ bá kàn, o wọlé, wọn ì báà bí ọ sí ojúlé kìíní tàbí sí ojú títì. Kò sí ojúsàájú kankan. Ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ ò lè sinmi, òní ojúlé yìí, ọ̀la ojúlé yẹn, ojú ọ̀nà ló ń lo ayé rẹ̀. Àròpín gbé ìṣirò rẹ̀ síwájú Ọ̀gá. "Apòòyì yá ju onínọ́ńbà lọ fíìfíì." Ọ̀gá Ó-Yá, bí a ṣe máa ń pè wọ́n lẹ́yìn nìyẹn, wọ́n ní, "Ẹni tó ń kú lọ kò ní ká máa to ìlà. Ẹ jẹ́ ká lo èyí tó yára. Ó yá." Ta ni yóò jiyàn ìyẹn? Òótọ́ ni. Ó yára lóòótọ́. Ó yára torí pé kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò nílé. Àwọn ará ilé ń jẹ àjẹyó, ẹnì kan níta ò jẹ rárá, ẹ wá ro gbogbo oúnjẹ pọ̀ kí ẹ pín in, ó jọ pé gbogbo ayé ló yó.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé àárọ̀ yìí. Ìdí tábìlì lọ́hùn-ún ni mo jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọ̀gá, ó dà bíi pé…" Àròpín ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Ọ̀gá, kí n tó gbàgbé…" Mo dúró kó parí. Kó tó mí, ẹni tó jókòó tì í ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo tún la ẹnu. Mo pa á dé. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ọ̀rọ̀ kàn ń gbé ọ̀dọ̀ wọn ni. Nígbà tó máa yí kàn mí, Ọ̀gá ti dìde, wọ́n ti ní ó yá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mo mọ òwe yẹn dáadáa, mo sì dákẹ́.

Kì í ṣe pé mi ò ní nǹkan tí mo lè ṣe. Ọ̀nà kẹta wà. Kí a sọ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan pé, ẹ lò ó láàárín ara yín fún ìwọ̀nba, tó bá ti tó, dandan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sódì kejì. Á falẹ̀ díẹ̀ ju apòòyì lọ, kò ní falẹ̀ tó onínọ́ńbà, kò sì sẹ́ni tí yóò kú síta. Mo lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a ó tún ní láti dán an wò, wọ́n á ní láti sún ìfilọ́lẹ̀ síwájú, àwọn àlejò tí Ọ̀gá pè wá wo ìfilọ́lẹ̀ sì ti dé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga nísàlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Ọ̀gá lójú àlejò? Pé mo rí ìpè kan tó dúró, ẹ̀ẹ̀kan, fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi mu omi?

Bàbá mi ń gbé ní apá òkè.

Hùn… mo ti rò ó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yí i po bí ẹni ń yẹ kòtò lójú ọ̀nà. Apá òkè ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan, láti ìgbà tí màmá mi ti lọ. Àtẹ̀gùn ilé yẹn ga, ọkàn wọn ò sì lágbára mọ́, dókítà ti sọ fún wọn, ó ti sọ fún èmi náà. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa pè. Mo gbé nọ́ńbà pàjáwìrì sí ojú fóònù wọn gbàgàdà, mo ní, "Ẹ kàn tẹ ibí yìí, sà, tó bá ti ń ṣe yín bákan." Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rọ tí ìwọ ń ṣe ni yóò gbé e?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá yá. "Kí ni mo wá ń bẹ̀rù? Ìyá mi ni yóò dá mi lóhùn." Ìyá mi ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n ní èmi àti ìyá tó bí wọn la jọ lójú. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn fún aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé: ọmọ òun ló ṣe é, kò ní ṣàì dáhùn.

Lọ́jọ́ tí ìlú bá tutù, kò séwu. Kọ́kọ́rọ́ á wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á mú un. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ ọkọ̀ ní àárín ìlú ńkọ́? Tí gbogbo ẹni tó ń kọjá yọ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè nípa ìjàǹbá kan ṣoṣo? Ojúlé kìíní á kún fọ́fọ́. Wọ́n á máa já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni arúgbó kan yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí yóò tẹ ibi tí ọmọ rẹ̀ ní kó tẹ̀, tí yóò wá máa retí… Ó tó. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo dé ibẹ̀, kí ni mo rí? Wọ́n múra, wọ́n fá irùngbọ̀n. Mo bi wọ́n, "Ara yín ńkọ́, sà?" Wọ́n ní, "Ara mi le koko bí ọta." Ojú wọn mọ́lẹ̀, èémí wọn lọ geerege. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ara wọn ń le. Mo máa ń fi ìdùnnú sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ yẹn ló kàn fẹ́ bà á jẹ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó pè mí sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, ẹni tí ẹ̀ ń rí lọ́jọ́ Àìkú yẹn, àwa kì í rí i láàárín ọ̀sẹ̀." Inú bí mi sí i díẹ̀. Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ilé wa? Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, tí mo wò wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé mi ò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn ni?

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Kí n tilẹ̀ dojú kọ ẹ̀rọ. Mo ti wò ó dáadáa, ìyẹn gan-an ló yẹ kó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lẹ́yìn tí mo rí ìpè yẹn, mo kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi. Kò ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn kí n tó rántí pé ojúlé kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà tèmi ní. Òpònú. Ta ló ń lọ wá ìjà orogún nílé àpọ́n? Mo padà sórí ẹ̀rọ ńlá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jíṣẹ́ ara rẹ̀: tó bá ti jáde nínú yàrá, kó kọ bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà. Kò ṣẹlẹ̀. Mo tún un ṣe. Kò ṣẹlẹ̀. Mo da ìpè bo ojúlé kìíní bí òjò, kò ṣẹlẹ̀. Ojúlé kejì ń wọlé, ó ń jáde, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yẹ kí n wá yọ ìjíṣẹ́ yẹn kúrò kí n tún un wò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀… Mi ò yọ ọ́. Mo ní kí n lọ gba afẹ́fẹ́ ná. Ta ni mo ń tàn? Ẹ̀rù ló bà mí láti yọ ọ́.

Kí ló sì dé tí kì í ṣẹlẹ̀ tí mo bá ń wò ó?

Mo gba pé kò ṣẹlẹ̀ bí ẹni gba ẹ̀bùn, mi ò bi í léèrè. Jẹ́ kí n bi í. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ni mo yí padà? Mi ò fọwọ́ kan àgádágodo. Mi ò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tó wà láàárín ojúlé méjèèjì kò kúrú sí i. Ohun tí mo fi kún un ò ju ìjíṣẹ́ lọ. Ìgbà wo ni wọ́n sì ń jíṣẹ́? Nígbà tí wọ́n bá jáde. Wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n á dúró kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó tún padà wá jà sí kọ́kọ́rọ́… Kí wọ́n tó padà.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé, ọwọ́ wọn dí.

Nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí, kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀. Ẹni ojúlé kejì tó ti ń sáré bọ̀ láti òkèèrè, ó ń bá a nílẹ̀. Ìdí tó fi ń wọlé nìyẹn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ mi dáa. Wíwò tí mo ń wò ó ló ń fún un láyè. Ìsinmi díẹ̀ tó nílò yẹn, èmi ni mo fún un, mi ò sì mọ̀, mo wá ń rí ara rẹ̀ tó dá. Tó bá di ọ̀sán, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ yọ kúrò ni ìjíṣẹ́ yẹn, Àròpín ti ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n á yọ ọ́. Kò ní sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Nígbà náà ni yóò wá ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Gbogbo ìgbà tí mi ò rí i, ẹ̀rí ni. Mo kó ẹ̀rí jọ láti àárọ̀, mo ń pè é ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú…

Rárá. Dúró. Ọjọ́ Àìkú, ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ohun tí wọ́n bá fẹ́? Èmi. Ta ló ń gbé garawa omi wọ ilé ìwẹ̀? Ta ló ń kó ìdọ̀tí sọ̀ kalẹ̀, ta ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀ wọn torí pé tí wọ́n bá tẹ̀ ba, òòyì á máa kọ́ wọn? Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má dìde. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, wọn ò ní gun àtẹ̀gùn kankan, èémí wọn á wá lọ geerege, mo sì máa ń wo èémí yẹn, inú mi á máa dùn. Ọjọ́ tí mo bá wà níbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nípa wọn. Ọjọ́ tí mi ò sí ńkọ́? Ọjọ́ Ajé, tí wọ́n á gbé garawa fúnra wọn. Ọjọ́bọ̀. Aránṣọ yẹn ò purọ́. Ó ń rí wọn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò wọ́n, ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, inú sì bí mi sí i.

Ẹ̀rù yìí ò lọ. Mo rò pé tí mo bá rí ìdí rẹ̀, á fúyẹ́. Ó tún wúwo sí i. Tẹ́lẹ̀ mo lè máa sọ pé bóyá ojú ló ń tàn mí.

Ilẹ̀kùn Ọ̀gá ti ṣí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àròpín ń bá wọn bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Mo ṣì wà lórí àga mi, ojú kọ̀ǹpútà ṣì mọ́ kedere, ojúlé kejì ń wọlé, ó ń jáde. Wọ́n á dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní láti sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó gbà á lẹ́nu mi, kí n sì sọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi bà wọ́n lẹ́rù tó bó ṣe ń bà mí. Mi ò rí nǹkan kan, Ọ̀gá. Gbogbo ìgbà tí mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mi ò sì rí nǹkan kan lára bàbá mi náà.